Ilẹ̀ Ni Ẹ Ń Dà, Ẹ̀yin Ọmọ Mi

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń gbẹ́ ihò òpó ilé káàkiri Èkó, ẹ̀yin ni mo ń bá wí. Ẹ̀yin ẹnjiníà, ẹ̀yin kọ́ńtírákítọ̀, ẹ̀yin fóòmán, àti ẹ̀yin onílé tí ẹ ń ná ìdí ilé bí ẹni ń ná ata lọ́jà Mile 12. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo ti wà lọ́jà yìí pẹ́, orí ọmọ sì ti wọ́ lójú mi, mi ò sọ̀rọ̀. Mo gbọ́ ìròyìn àkọ́kọ́ nípa iṣẹ́ yín, mo ní bóyá àhesọ ni. Mo gbọ́ ti ẹlẹ́ẹ̀kejì, mo ní bóyá ìlara ló mú ẹni tó rò ó sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí mo fi ojú ara mi rí lóṣù tó kọjá ju ohun tí àgbà lè gbé mì lọ.

Kí ni mo rí? Ọmọ kan tí mo kọ́ níṣẹ́ nígbà kan ló pè mí. Ó ní, "Bàbá, ẹ wá wo iṣẹ́ wa, ẹ wá súre fún wa." Inú mi dùn. Mo wọ aṣọ tó dára, mo wọkọ̀ lọ sọ́nà Ajah. Mo bá ẹ̀rọ ńlá níbẹ̀ tó ń ké, ihò ti wà nílẹ̀, wọ́n ti sọ irin sínú rẹ̀, kọnkéré ni wọ́n ń retí. Ìwé iṣẹ́ wà lórí tábìlì. Fífẹ̀ ihò, mílímítà 600. Jíjìn rẹ̀, mítà 24. Nígbà tó yá, ọkọ̀ kọnkéré dé, ẹyọ kan péré. Mo bi awakọ̀ pé mélòó ló gbé. Ó ní mítà kúbíìkì 6. Wọ́n da kọnkéré, ihò kún dé ẹnu, kọnkéré ṣì ṣẹ́ kù nínú ọkọ̀. Èyí tó ṣẹ́ kù ni wọ́n fi ṣe ilẹ̀ búkà ìyá tó ń dáná fún wọn lẹ́nu géètì. Akọ̀wé mú bírò, ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé òpó náà pé mítà 24. Wọ́n sì ní kí n wá jẹun.

Mi ò kàwé púpọ̀, ṣùgbọ́n mo mọ ìṣirò iṣẹ́ mi. Ihò tó fẹ̀ ní mílímítà 600, tó sì jìn ní mítà 24, kò lè gba kọnkéré tó dín ní mítà kúbíìkì 6.7. Ó tilẹ̀ yẹ kó gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ẹ̀gbẹ́ ihò kì í dán bí ẹ̀gbẹ́ ife. Báwo ni ọkọ̀ tó gbé 6 ṣe kún un, tó tún ṣẹ́ kù fún ilẹ̀ búkà? Bí a bá yọ ti búkà kúrò, kọnkéré yẹn kò lè ju òpó mítà 18 lọ. Níbo ni mítà 6 yòókù gbà lọ? Yálà ẹ kò gbẹ́ ihò dé ibi tí ẹ kọ sínú ìwé, tàbí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti ya lulẹ̀, ẹrọ̀fọ̀ ti gba àyè kọnkéré, ẹ sì fi bò ó mọ́lẹ̀. Èwo ló dára nínú méjèèjì? Èwo nínú wọn ni kí n súre lé lórí?

Àwọn àgbà ní ẹni tó gbin ọgọ́rùn-ún iṣu, tó ní igba lòun gbìn, bó bá jẹ ọgọ́rùn-ún iṣu òtítọ́ tán, yóò jẹ ọgọ́rùn-ún iṣu irọ́. Àgbẹ̀ onírọ́ yẹn ṣì sàn jù yín lọ, nítorí òun nìkan ni ebi irọ́ rẹ̀ yóò pa. Ẹ̀yin tí ẹ gbin mítà 18 tí ẹ pè é ní 24, ta ni yóò jẹ mítà irọ́ tiyín? Ṣé ẹ̀yin ni? Ẹ ó ti gbowó yín, ẹ ó ti gbé ẹ̀rọ lọ sí sáìtì mìíràn. Ọmọ tí wọn kò tíì bí, tí yóò máa sùn lókè pẹ́tẹ́ẹ̀sì yẹn lọ́jọ́ iwájú, òun lẹ gbin irọ́ náà dè.

Ṣé ẹ mọ orúkọ ohun tí ẹ ń ṣe? Bóyá ẹ ti gbàgbé, ẹ jẹ́ kí n rán yín létí. Àwọn baba wa kì í fi ilẹ̀ ṣeré. Bí ènìyàn méjì bá fẹ́ fọkàn tán ara wọn dójú ikú, ilẹ̀ ni wọ́n ń mu, wọn yóò sì máa pe ara wọn ní ìmùlẹ̀. Bí ọ̀kan nínú wọn bá wá yẹ àdéhùn, wọn kì í ní ó da ọ̀rẹ́ rẹ̀. Wọn a ní ó dalẹ̀. Ilẹ̀ ni wọ́n fi ṣe ẹlẹ́rìí, ilẹ̀ náà ni wọ́n kà sí ẹni tí a ṣẹ̀. Ẹni bá dalẹ̀, á bálẹ̀ lọ. Tiyín wá burú ju ti ìmùlẹ̀ tó dalẹ̀ lọ, nítorí inú ilẹ̀ gan-an lẹ wọ̀ lọ purọ́. Ẹ gbẹ́ ilẹ̀, ẹ da irọ́ sínú rẹ̀, ẹ fi kọnkéré dí i lẹ́nu, ẹ ní kó dákẹ́. Ta ló sọ fún yín pé ilẹ̀ ń dákẹ́?

Ọ̀mọlé ni bàbá bàbá mi. Amọ̀ ló fi ń kọ́lé, kò mọ símẹ́ńtì. Kí ó tó fi ọkọ́ kan ilẹ̀ ẹnikẹ́ni, yóò kọ́kọ́ rìn ín já láàárọ̀ tí òjò rọ̀ mọ́jú, kó lè mọ ibi tí omi ń dúró sí. Yóò béèrè lọ́wọ́ àwọn agbẹ́kànga àdúgbò pé, nígbà tí ẹ gbẹ́ kànga níhìn-ín, kí lẹ bá lábẹ́ ilẹ̀dú? Ṣé yangí ni? Ṣé amọ̀ ni? Ṣé yanrìn olómi ni? Bí ó bá ti po amọ̀, yóò fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, yóò fi í sílẹ̀ mọ́jú, yóò tún un tẹ̀. Bí ipele ògiri kìíní kò bá tíì gbẹ, kò sí olówó tó lè mú un gbé ìkejì lé e. Ọkùnrin tí kò mọ A yàtọ̀ sí B nìyẹn. Ẹ̀yin tí ẹ lọ sí yunifásítì fún ọdún 5, tí ẹ fi òróró yan orúkọ ara yín ní ẹnjiníà, ṣé ó yẹ kí ọ̀mọlé alámọ̀ mọ ìwà jù yín lọ? Ojú ò tì yín?

Ẹ wo ibi tí a ń sọ pàápàá. Ilẹ̀ Èkó ni, kì í ṣe ilẹ̀ Abẹ́òkúta tí ọkọ́ ń bá àpáta pàdé. Erékùṣù Èkó, Victoria Island, Lekki, Ajah, Fẹ́sítáàkì, ọ̀pọ̀ ibẹ̀ jẹ́ àbàtà tẹ́lẹ̀, tàbí ọ̀sà tí wọ́n fi yanrìn dí. Lókè, yanrìn funfun lẹ ó rí, tó mọ́ tó sì lẹ́wà, ẹ ó rò pé ibi líle lẹ wà. Ẹ gbẹ́ ẹ lọ sísàlẹ̀, ẹ ó bá ẹrọ̀fọ̀ dúdú tí koríko jẹrà sí nínú, tó ń rùn, tó rọ̀ bí ẹ̀kọ tútù. Lábẹ́ ẹrọ̀fọ̀ yẹn ni amọ̀ rírọ̀ wà, kí ẹ tó kan yanrìn líle tó lè gbé ilé. Níbòmíràn, mítà 12 lẹ ó ti kàn án. Ẹ sún síwájú bí ìṣísẹ̀ 20, kò ní sí níbẹ̀ títí ẹ ó fi gbẹ́ 25. Àṣírí ilẹ̀ yìí ló fà á tí páìlì, òpó abẹ́ ilẹ̀, fi wà. Nínú ilẹ̀, ọ̀nà méjì ni òpó ń gbà gbẹ́rù. Ara rẹ̀ ń rọ̀ mọ́ ilẹ̀ tó yí i ká láti òkè délẹ̀, ìdí rẹ̀ sì ń tẹ ibi líle tó dúró lé. Bí ìdí kò bá kan ibi líle, tí ara rẹ̀ sì wà nínú ẹrọ̀fọ̀, kí ló rọ̀ mọ́? Kí ló tẹ̀? Àtàrí àjànàkú kì í ṣe ẹrù ọmọdé. Àtàrí àjànàkú ni ilé alájà 6, ẹ sì gbé e ka orí ọmọ ọwọ́.

Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Nítorí ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àyẹ̀wò ilẹ̀ ṣe wà. Òòlù ńlá kan wà tó wúwo ní kílò 63.5. Wọn a máa gbé e sókè ní sẹ̀ǹtímítà 76, wọn a jẹ́ kó já lu irin tó wà nínú ihò, wọn a sì máa ka iye ìgbà tó lù ú kí irin tó wọlẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 30. Nínú ẹrọ̀fọ̀ Èkó, ìlù 2 ti tó, nígbà mìíràn irin á dá wọlẹ̀ fúnra rẹ̀ kí òòlù tó kàn án. Nínú yanrìn líle, ẹ ó kà á kọjá 30. Ohùn ilẹ̀ nìyẹn. Ilẹ̀ ló ń sọ fún yín bí agbára òun ti tó. Kí lẹ wá ń ṣe? Ẹ lọ mú ìwé àyẹ̀wò ilẹ̀ aládùúgbò, ẹ pa orúkọ rẹ̀ rẹ́, ẹ fi tiyín síbẹ̀. Ẹ ní àdúgbò kan náà ni, ilẹ̀ kan náà ni. Ṣé ẹ máa ń gba èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ẹni tẹ́ ẹ jọ ń gbé yàrá lọ fún dókítà yín? Ẹ̀yin tí ẹ kì í lo gíláàsì ojú ẹlòmíràn, ṣé ìdí ilé ẹlòmíràn lẹ fẹ́ fi gbé ilé tiyín?

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé, "Bàbá, nǹkan ti wọ́n, ọjà ti gbóná." Ọjà ti gbóná lóòótọ́, èmi náà ń ra símẹ́ńtì. Ṣùgbọ́n onílé tó ní kò sí owó àyẹ̀wò ilẹ̀, òun náà ló ra táìsì ilẹ̀ òkèèrè fún balùwẹ̀. Òun ló ní kí wọ́n ṣe POP aláràbarà sí pálọ̀. Òun ló jókòó ti ẹnjiníà, tó ní òpó 40 ti pọ̀ jù, kí wọ́n ṣe é ní 28, kí wọ́n fi owó tó kù ṣe géètì. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ta ló ń gbé nínú géètì? Mo ti bá onílé bẹ́ẹ̀ jókòó rí. Nígbà tí wọ́n sọ fún un pé kí wọ́n to búlọ́ọ̀kù kọnkéré ńláńlá lé orí òpó kan wò, kí wọ́n fi ẹrù tó ju ti ilé lọ dán an wò kí ilé tó dé, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ fẹ́ gbé ilé lé e, ẹ tún fẹ́ kọ́kọ́ gbé ohun tó ju ilé lọ lé e? Ta ni yóò sanwó ìyẹn?" Mo dá a lóhùn pé bí kò bá sanwó ẹ̀ lónìí, ẹlòmíràn yóò fi ẹ̀jẹ̀ san án. Ó bínú sí mi. Àwọn ọmọ rẹ̀ ló ń gbé nínú ilé yẹn báyìí.

Ẹ jẹ́ kí n padà sọ́dọ̀ ẹ̀yin tí ọwọ́ yín wà lára ẹ̀rọ, nítorí ẹ̀yin lẹ mọ ibi tí bàtà ti ń ta ẹsẹ̀. Ẹ mọ̀ ọ́n. Mi ò ní gbà kí ẹnikẹ́ni nínú yín sọ pé òun kò mọ̀. Ẹ mọ̀ pé omi kò jìnnà nílẹ̀ Èkó, pé bí ihò bá ti wọ omi, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á fẹ́ ya. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń ri páìpù irin sẹ́nu ihò, tí wọ́n sì ń da omi amọ̀ bẹntónáìtì kún inú rẹ̀ kó lè di ẹ̀gbẹ́ ihò mú. Omi amọ̀ yẹn gbọ́dọ̀ ga ju omi inú ilẹ̀ lọ nígbà gbogbo. Bó bá lọ sílẹ̀ ní wákàtí kan péré nígbà tí ẹ sùn lọ, ihò ti bẹ̀rẹ̀ sí ya. Ẹ mọ̀ pé ihò tí ẹ gbẹ́ lónìí, òní ló yẹ kí ẹ da kọnkéré sí i. Kí ló dé tí mo fi ń rí ihò tó ti wà nílẹ̀ láti ọjọ́ Ẹtì títí di ọjọ́ Ajé? Ẹ mọ̀ pé kí kọnkéré tó wọlé, ìdí ihò gbọ́dọ̀ mọ́. Ẹ̀rẹ̀ tó jókòó sísàlẹ̀, tó nípọn bí ìrọ̀rí, bí ẹ bá da kọnkéré lé e, orí ìrọ̀rí ni òpó yín dúró lé. Ta ló ń kọ́lé sórí ìrọ̀rí?

Ti páìpù ìdakọnkéré ló dùn mí jù, nítorí iṣẹ́ ọwọ́ mi nìyẹn, òun ni mo fi tọ́ ọmọ. Páìpù tremie yẹn gbọ́dọ̀ kan ìdí ihò kí kọnkéré tó bẹ̀rẹ̀. Bí kọnkéré bá ti ń gòkè, ẹnu páìpù kò gbọdọ̀ jáde kúrò nínú rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ rì sínú rẹ̀ ní bíi mítà méjì. Báyìí ni kọnkéré tuntun yóò ṣe máa ti ti àtijọ́ sókè, tí omi ẹlẹ́rẹ̀ yóò wà lókè pátápátá, tí a ó sì fọ́ orí òpó náà dànù nígbà tó bá gan, nítorí ìdọ̀tí ló wà níbẹ̀. Ẹni tó bá fa páìpù yọ kíákíá nítorí pé ó ń kánjú, omi yóò wọ àárín. Bí kọnkéré bá já bọ́ láti inú omi, símẹ́ńtì á ṣàn lọ, òkúta á dá dúró lọ́tọ̀, bí ìgbà tí a da iyọ̀ sódò tí a ń wá iyọ̀. Àárín òpó á wá ṣófo. Lókè, ó dára. Nísàlẹ̀, ó dára. Ní àárín, kò sí nǹkan kan. Mo máa ń dúró ti páìpù yẹn bí ìyá tó dúró ti ọmọ tó ń ṣe gìrì. Ọwọ́ ọ̀tún mi lórí páìpù, ojú mi lórí okùn ìwọ̀n, mo ń ka bó ṣe ń gòkè, mo ń ka iye tó kù nínú ọkọ̀. Bí ọkọ̀ kejì bá há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ara mi a máa gbọ̀n. Ṣé ara ẹnikẹ́ni ṣì ń gbọ̀n nínú yín?

Ẹ ò rí i, ohun tó jẹ́ kí n máa gbọ̀n ni pé a kì í rí i. Bíríkìlà tó bá to búlọ́ọ̀kù tó wọ́, gbogbo ayé ni yóò rí i. Ẹni tó bá kun ilé lóda tí kò dọ́gba, ọmọdé á fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Iṣẹ́ tiwa nìkan ni ilẹ̀ ń bò mọ́lẹ̀ lọ́jọ́ tí a bá ṣe é tán. Nítorí náà ló fi jẹ́ iṣẹ́ olóòótọ́. Afárá Third Mainland tí wọ́n ṣí ní ọdún 1990, gígùn rẹ̀ lé ní kìlómítà 11, inú omi ọ̀sà ni àwọn òpó rẹ̀ wà. Àràádọ́ta ọ̀kẹ́ ènìyàn ti gba orí rẹ̀ lọ síbi iṣẹ́. Ta ló ti rí ìdí òpó náà rí nínú wọn? Wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé ọwọ́ àwọn tí wọn kò mọ̀, àwọn tí wọ́n ti lọ sílé, tí ẹlòmíràn nínú wọn ti lọ sọ́run. Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ni yóò gbẹ́kẹ̀ lé tiyín ní ọdún 30 òní?

Ọjọ́ 13, oṣù kẹta, ọdún 2019, ilé wó ní Ìta Fájì, Erékùṣù Èkó. Àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi àti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wà lókè ilé náà, wọ́n ń kàwé. Ọjọ́ 1, oṣù kọkànlá, ọdún 2021, ilé alájà 21 wó lulẹ̀ ní Gerrard Road, Ìkòyí, ó pa ènìyàn tó lé ní 40. Mi ò sọ pé òpó abẹ́ ilẹ̀ ló ṣẹ́ níbẹ̀, mi ò ní pa irọ́ mọ́ òkú. Ohun tí mò ń sọ ni pé ìwà kan náà ló ń wó ilé lókè tó ń wó ilé nísàlẹ̀. Ẹni tó lè gé mítà kúrò níbi tí ojú kò tó, kí ni kò lè gé kúrò? Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ẹ fi itọ́ mọ ọ́n tán, ẹ wá ń bínú sí ìrì.

Ẹni tó ṣáájú tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n. Ní ìlú Hong Kong, ilé ìjọba méjì wà ní Sha Tin, alájà 34 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, mẹ̀kúnnù ni wọ́n ń kọ́ ọ fún. Páìlì tí wọ́n fi ẹ̀rọ gbẹ́ ni wọ́n gbé e lé. Ilé ti ga sókè kí àṣírí tó tú pé òpó kò dé ibi tí ìwé ní ó dé, àwọn mìíràn fi mítà tó ju 10 lọ kúrú. Irọ́ tí ẹ ń pa lọ́nà Ajah gan-an nìyẹn, kò yàtọ̀ ní eépìnnì kan. Kí ni wọ́n ṣe? Ṣé wọ́n ní kí wọ́n kun ún lóda kí wọ́n fi àdúrà ṣí i? Rárá. Wọ́n wó ilé méjèèjì palẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó kó wọ ibẹ̀. Obìnrin tó jẹ́ alága àjọ ilé gbígbé wọn, Rosanna Wong, kọ̀wé fi ipò sílẹ̀ ní ọdún 2000. Kì í ṣe òun ló di ẹ̀rọ mú o. Kì í ṣe òun ló wọn ihò. Ṣùgbọ́n ojú tì í. Èmi ń wá ẹni tí ojú tì ní Èkó, mi ò tíì rí i.

Bí ẹ bá sì rò pé owó ni kò sí, ẹ lọ wo San Francisco ní Amẹ́ríkà. Wọ́n parí ilé alájà 58 kan, Millennium Tower, ní ọdún 2009. Ilé àwọn olówó ni. Inú yanrìn ni òpó rẹ̀ dúró sí, kò dé àpáta. Nígbà tó fi máa di ọdún 2016, ilé náà ti rì ní nǹkan bí ínǹṣì 16, ó sì fì sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ̀yìn ìgbà tí àwọn ènìyàn ti kó sínú rẹ̀ ni wọ́n padà wá gbẹ́ òpó tuntun 18 sẹ́bàá rẹ̀, èyí tó wọlẹ̀ lọ kan àpáta. Ọdún 2023 ni wọ́n parí ìyẹn. Ilẹ̀ kò wo ojú olówó.

Ẹ ó ní, kí ló ń ṣe bàbá yìí tó fi ń bínú bẹ́ẹ̀? Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Ní ọdún 1984, ọmọ iṣẹ́ ni mí, lẹ́bàá ọ̀sà níhìn-ín. Okùn ni a fi ń wọn ihò nígbà náà, irin wúwo wà lẹ́nu rẹ̀, aṣọ pupa tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí sì wà ní mítà kọ̀ọ̀kan. Mítà 15 ni ìwé ní kí a gbẹ́. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ọ̀gá mi mú ọ̀bẹ, ó gé mítà 3 kúrò láàárín okùn, ó sì so ó padà. Láti orí 6, okùn fò lọ sí 10. Ó fi aṣọ pupa bo ojú ibi tó so kó má baà hàn. Èmi ni mo di tọ́ọ̀ṣì mú fún un. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọ̀gá ẹnjiníà wá ṣe àyẹ̀wò, èmi ni wọ́n ní kí n ju okùn sínú ihò. Mo jù ú. Ó kan ìdí ihò. Mo wo nọ́ńbà tó wà lẹ́nu ihò, mo kà á sókè, mo ní, "Ó pé 15, sà." Mi ò tíì pé ọmọ ogún ọdún. Wọ́n fún mi lówó oúnjẹ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, mo sì jẹ ẹ́.

Ilé náà ṣì wà níbẹ̀, alájà mẹ́rin. Ó ti fì sápá ọ̀sà. Mo ti lọ bá onílé, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì. Mo ti lọ bá àwọn tó ń ṣàyẹ̀wò ilé, wọ́n wá, wọ́n fi ọ̀dà pupa sàmì sára ògiri rẹ̀. Onílé mú ọ̀dà funfun, ó kun ún. Bí oòrùn bá tàn sí ògiri yẹn dáadáa, àmì pupa náà ṣì ń hàn lábẹ́ funfun.

Ìyá oníbúrẹ́dì kan ló ní ṣọ́ọ̀bù ìsàlẹ̀ lápá ọ̀sà. Ilẹ̀kùn rẹ̀ kì í padé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo bá káfíńtà lẹ́nu rẹ̀, ó tún ń fá etí ilẹ̀kùn náà, ẹ̀ẹ̀kẹta lọ́dún yìí. Mo wo orí ilẹ̀kùn. Ẹ̀gbẹ́ kan ti fi ìka méjì kéré ju ẹ̀gbẹ́ kejì lọ. Ìyá náà kúnlẹ̀ kí mi, ó ní, "Bàbá, ẹ bá mi wo ilẹ̀kùn yìí, òjò ni kì í jẹ́ kí igi sinmi wíwú." Mo ní kó dìde. Mo sọ fún un pé kì í ṣe òjò, pé ilé ló ń lọ, pé kó kó ọmọ rẹ̀ àti ọjà rẹ̀ kúrò níbẹ̀.

Ó gbójú sókè wò mí. "Bàbá, báwo lẹ ṣe mọ̀?"